Làálì Ọwọ́ Mi

Bí atẹ́gùn bá ti ọ̀nà Ṣágámù fẹ́ wá, òórùn bísíkíìtì ló máa ń kọ́kọ́ jí èèyàn ní àdúgbò tí àbúrò bàbá mi obìnrin ń gbé ní Ìkòròdú. Kì í ṣe òórùn bísíkíìtì inú ọ̀rá tí ìwọ àti èmi mọ̀ o. Èyí gbóná, ó sì rọ̀, bí ìgbà tí ṣúgà bá fẹ́ jó nínú bọ́tà tí ẹnì kan sì tètè dín iná rẹ̀ kù. Ó máa ń wọ inú aṣọ tí a sá sórí okùn, ó máa ń wọ inú ìrọ̀rí, ó sì máa ń bá èèyàn wọ inú àlá. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí níbẹ̀, kí n tó la ojú, mo rò pé ọjọ́ Iléyá ni, pé wọ́n ti ń dín nǹkan lẹ́yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́. Àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Kọ́ńpìnì bísíkíìtì ni. Tó o bá pẹ́ níbí, o ò ní gbóòórùn ẹ̀ mọ́."

Ìgbà náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní in ní òpópónà wa ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa sì ti ń gba ìpè. Mo ti ka ìwé mẹ́wàá tán, èsì mi kò burú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rán mi lọ sí ilé ìwé gíga. Ilé ni mo wà, mò ń bá màmá mi yan ẹja, mo sì ń wo ọ̀sà láti ẹ̀yìn èéfín. Mo fẹ́ iṣẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá kan. Mo kàn fẹ́ jí láàárọ̀ kí n mọ̀ pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń retí mi. Nígbà tí àbúrò bàbá mi wá pè pé ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ń wá àwọn ọmọbìnrin tí yóò máa kó bísíkíìtì sínú ọ̀rá, pé ẹni tó bá ti ka ìwé mẹ́wàá ni wọ́n ń fẹ́, kí n sì mú ìwé mi dání, mo ní mo ti ń bọ̀. Kò sọ nǹkan mìíràn fún mi, nítorí pé wọn kò sọ nǹkan mìíràn fún òun náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la so yìgì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, apá kan nínú ìlú Ẹ̀pẹ́, ìyàwó kì í dá làálì lé. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin máa ń bá a lé e, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dá pọ́n. Lẹ́yìn ìrun alásárì, àwọn ìyá àgbà ilé wa gún ewé làálì, wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, wọ́n sì fi bo orí ìka wa àti èékánná wa. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ o: láti oríkèé àkọ́kọ́ sókè ni, pẹ̀lú àmì róbótó kan láàrin àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n fi ewé dì í, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n sì ní ká jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ká má ṣe mira. Oorun ń kùn wá. Bí imú bá ń yún ọ, ẹlòmíràn ni yóò bá ọ họ ọ́. Bí ebi bá ń pa ọ́, wọ́n á fi oúnjẹ sí ọ lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lẹ́yìnkùlé bí ohùn tó ń ti ìsàlẹ̀ omi bọ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, ìka mi ti pọ́n bí epo tó ti pẹ́ lórí iná. Ìyá àgbà kan gbé ọwọ́ mi wò lójú oòrùn tó ń wọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọ yìí gba làálì ju ti ìyàwó lọ." Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n má wulẹ̀ ba ọjọ́ òun jẹ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ yẹn ni mo gbé lọ síbi tí mo ti ń wáṣẹ́. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé ó lè jẹ́ nǹkan kan. Mo ti fọ ẹ̀wù mi, mo ti lọ̀ ọ́, mo ti gé èékánná mi kúrú, mo sì fi ìborùn funfun bo orí. Wọ́n kó wa jókòó sórí bẹ́ńṣì gígùn nínú gbọ̀ngàn kan tí ògiri rẹ̀ funfun títí dókè. Ìyẹ̀fun wà nínú afẹ́fẹ́. Níbi tí oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, èèyàn ń rí i tó ń fò lọ́ra-lọ́ra bí ìkùukùu kékeré. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ará àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ ló jókòó tì mí. A ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a jọ ń bọ̀. A kí ara wa, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Ẹ kú oríire ìyàwó o." Mo ní, "Ó dọwọ́ tìẹ náà."

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń kó bísíkíìtì sínú ọ̀rá ló wọlé wá wò wá. Ẹ̀wù funfun gígùn ló wọ̀, àwọ̀n bo irun rẹ̀, kò sí yẹtí létí rẹ̀, kò sí òrùka lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí gbogbo wa na ọwọ́ síwájú, bí a ṣe máa ń nà án nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni tó kun kútẹ́ẹ̀sì, ó ní kó lọ pa á rẹ́ kó padà wá. Ẹni tí yẹtí rẹ̀ gùn, ó ní kó bọ́ ọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró.

"Kí lèyí?"

"Làálì ni, mà."

"Lọ fọ̀ ọ́."

"Kì í ṣeé fọ̀, mà. Òun fúnra ẹ̀ ló máa ń ṣí."

Ó fi ìka rẹ̀ ra tèmi. Ó wo ìka rẹ̀, ó tún wo tèmi. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí akọ̀wé tó ń tẹ̀ lé e, ó sì gbé ohùn sókè kí ọkùnrin náà lè gbọ́ ọ nínú ariwo ẹ̀rọ. "Ọwọ́ eléyìí ò mọ́. A ò lè gbà á. Ẹni tó kàn."

Gbogbo bẹ́ńṣì ló gbọ́. Mo kó ìwé mi tí ẹnikẹ́ni kò ṣí wò, mo dìde. Àwọn tó kù ká ẹsẹ̀ wọn kò kí n lè kọjá.

Mi ò lọ sílé tààrà. Mo wọkọ̀ lọ sí Èbúté, mo jókòó síbi tí èèyàn ti lè rí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò lọ sí Èkó. Ọ̀yẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ọkọ̀ kan á kúrò létí omi, á máa kéré, á wọ inú kùrukùru funfun tí ọ̀yẹ́ mú wá, ariwo ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ á sì kù lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni pé ohun tí kò sí mọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin ń kó yanrìn kúrò nínú ọkọ̀, wọ́n tutù láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ń ṣe àwàdà. Mo ti ọwọ́ bọ inú ọ̀sà, mo sì yọ ọ́ jáde. Ńṣe ló tún pọ́n sí i. Ó rẹwà, ká sòótọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé nǹkan náà rẹwà lójú mi síbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, àbúrò bàbá mi fi ọṣẹ gbìyànjú, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi yanrìn. Níkẹyìn ó jókòó sílẹ̀ tì mí. Ó ní, "Àwọn tó lé e fún ẹ ò ṣeré rárá." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Òun ló bínú dípò mi. "Wọn ò sọ fún wa pé wọn ò fẹ́ làálì. Ìwé ni wọ́n ní ká mú wá. Ṣé inú ọkàn wọn la ó ti máa ka èyí tó kù ni?"

Nígbà tí mo padà sí Ẹ̀pẹ́, ohun tí mo sọ fún màmá mi kò ju pé wọn kò gbà mí, pé wọn kò fẹ́ làálì. Ó ní, "Á ṣí." Ó yí ẹja lójú iná. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀.

Wọ́n gba ọmọbìnrin àdúgbò wa. Nígbà tó wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n bi í pé èmi ńkọ́. Mi ò gbà pé ó ní ọkàn ìkà. Ohun tó gbọ́ gan-an ló sọ: "Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́." Ìwọ náà mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe rí. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló ń wo làálì bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Ní òpópónà wa, kò sí làálì níwájú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ nìkan ló dé, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ pé ọwọ́ èèyàn kò mọ́ tí kò ní ro olè. Bísíkíìtì ni wọ́n kọ́kọ́ ní mo jí. Lẹ́yìn náà ló di aago ọwọ́ akọ̀wé. Ẹnì kan tilẹ̀ ní òun mọ irú aago náà.

Mi ò mọ̀ títí di ọ̀sán kan tí Àlùhájà tó jẹ́ igbákejì ìyá ẹgbẹ́ alásálátù wa wá kí wa. Màmá mi ló ń tọ́jú àwọn ìkòkò ńlá ẹgbẹ́ náà, àwọn abọ́ wọn àti ṣíbí wọn, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìnkùlé wa. Ó ti ń tọ́jú wọn láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Àlùhájà sálámà sí wa, ó jókòó, ó mu omi, ó yin ẹja màmá mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá ìyàwó, ẹ ti ṣe wàhálà púpọ̀ lórí yìgì yìí. Ẹ jẹ́ n bá yín mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkòkò yẹn dání díẹ̀, kẹ́ ẹ lè sinmi." Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Kò wo ojú màmá mi. Ọwọ́ mi ló ń wò, ibi tí mo gbé e lé lórí itan mi.

Màmá mi tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò ní etí ìró rẹ̀. Ó fà á lé e lọ́wọ́, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà, ó dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, n kò rí ojú rẹ̀ dáadáa.

"Kí ni wọ́n sọ sí ẹ ní Ìkòròdú? Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

Mo sọ ọ́.

Ó ní, "A ń lọ síbẹ̀ lọ́la."

Ẹ̀rù bà mí. Àbúrò bàbá mi ti ránṣẹ́ pé wọ́n ṣì máa gba àwọn kan sí i, mo sì ti fi ọkàn sí i pé n óò padà lọ bí làálì bá ṣí, n óò jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn bí ẹni tí wọn kò rí rí. "Ẹ má jẹ́ ká lọ, Màmá. Tẹ́ ẹ bá lọ bá wọn jà, wọn ò ní gbà mí láéláé."

"Ṣé wọ́n ti gbà ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Rárá, mà."

"Ta ló sì sọ fún ẹ pé ìjà ni mò ń bá lọ?" Ó wá jókòó tì mí. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa ka ṣíbí lẹ́yìn ẹ̀ ni?"

Mo dìde, mo lọ wá ìborùn mi.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ la wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìrìn yẹn ṣì máa ń padà wá bá mi, pàápàá bí ọ̀yẹ́ bá ń fẹ́. Kùrukùru bo ojú ọ̀nà láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìtòìkín, àwọn igi ọ̀pẹ sì ń jáde nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọjá, wọ́n ń wọ inú rẹ̀ padà. Nígbà tí a dé orí afárá, n kò rí omi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà nísàlẹ̀ wa nítorí pé afẹ́fẹ́ tutù lójijì. Màmá mi wọ aṣọ tó wọ̀ níbi yìgì ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ lé orí itan rẹ̀, àmì róbótó làálì tí wọ́n lé fún òun náà níbi yìgì ṣì wà níbẹ̀. Ó jọ pé a ó máa lọ bẹ́ẹ̀ títí, pé Ìkòròdú kò ní dé, mo sì ń gbàdúrà pé kó má dé. Nígbà tí a kọjá oríta Ìmọ́tà, oòrùn là, gbogbo nǹkan sì di ohun tí èèyàn lè rí.

Mẹ́gáàdì kò fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó ní ọ̀gá kì í rí àlejò láàárọ̀. Màmá mi ní kò burú, a ó dúró, ó sì tẹ́ ìborùn rẹ̀ sábẹ́ igi tó wà létí géètì. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ọkùnrin náà wá bá wa. Ará òkè Ọya ni. Ó tọ́ka sí ọwọ́ mi.

"Làlle la ń pè é nílé wa. Ìyàwó mi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Títí dé orúnkún ló máa ń lé e."

Màmá mi ní, "Ó dáa tí kò wá wáṣẹ́ níbí."

Mẹ́gáàdì rẹ́rìn-ín títí, ó sì wọlé lọ pe ọ̀gá.

Obìnrin náà jáde pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀. Nígbà tó rí i pé àgbàlagbà ni màmá mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú pé ẹ dúró."

"A kì í bínú. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi rèé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló jí?"

"Kí ló jí kẹ̀? Ta ló ní ó jalè?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ní ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́."

Obìnrin náà wo ọwọ́ mi, mo sì rí i pé ó rántí. Ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Háà, Màmá, làálì ni mo ń sọ o."

"Ẹ ò dárúkọ làálì."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Òfin kọ́ńpìnì ni mo tẹ̀ lé. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní kí ọwọ́ òṣìṣẹ́ mọ́, bó ṣe wà níbẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ jáde."

"Ó jáde lóòótọ́," ni màmá mi wí. "Ó ti jáde dé Ẹ̀pẹ́."

Obìnrin náà wá ṣàlàyé fún wa, kò sì bínú. Ó ní ẹnì kan ti rí èépá kútẹ́ẹ̀sì pupa nínú bísíkíìtì nígbà kan rí, pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, àti pé láti ìgbà yẹn òun kì í fẹ́ rí nǹkan pupa lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń fi àtàǹpàkò ra èékánná ara rẹ̀ tí kò ní nǹkan kan lára. Mo wá rí i pé òun náà ń bẹ̀rù iṣẹ́ tirẹ̀.

Màmá mi gbọ́ ọ títí tó fi parí. Ó ní, "Mi ò bá yín jiyàn. Ilé iṣẹ́ yín ni. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ làálì, a gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ ọmọ mi, a ó lọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ ní ọwọ́ ọmọ mi ò mọ́, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ yín. Àwọn tó gbọ́ ti ìṣáájú, kí wọ́n gbọ́ èyí náà. Ohun tí mo bá wá nìyẹn."

Mo rò pé yóò ní kí mẹ́gáàdì lé wa lọ. Ṣùgbọ́n ó wo ibi tí oòrùn wà, ó ní ká bọ́ sí ìbòòji, pé àsìkò oúnjẹ ti ń tó. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ jáde, ìyẹ̀fun lójú wọn bí àwọn tó jí láti inú ìkùukùu, ó pe àwọn tí wọ́n gbà lọ́jọ́ yẹn. Ọmọbìnrin àdúgbò wa wà láàrin wọn. Nígbà tó rí màmá mi, ó kúnlẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.

Ọ̀gá wọn ní, "Ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn nígbà tí mo ní ọwọ́ ọmọ yìí ò mọ́. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Làálì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, a ò sì gba làálì níbí. Èmi ni mi ò sọ ọ́ bó ṣe yẹ." Ó yíjú sí màmá mi. "Ṣé ó tó, mà?"

"Ó tó. Ọlọ́run á bá yín ṣọ́ iṣẹ́ yín."

Ó yẹ ká máa lọ nígbà yẹn. N kì í sọ̀rọ̀ níbi tí èrò bá wà. Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lèèyàn ṣe lè mọ òfin yín kó tó wá? Ìwé nìkan ni wọ́n ní ká mú wá. Ká ní mo ti mọ̀ ni, ẹsẹ̀ nìkan ni mi ò bá lé e sí."

Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín lábẹ́ ètè. Ọ̀gá wọn ní, "Nígbà tó bá ṣí, padà wá. Mú ìwé rẹ dání. Mi ò wò ó lọ́jọ́ yẹn."

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ọwọ́ ara mi. Làálì ojú àwọ̀ kì í pẹ́ ṣí. Omi ẹja àti eérú tètè mú tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ti èékánná kì í ṣí, ó di ìgbà tí èékánná bá hù kúrò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìdí àtàǹpàkò mi, ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń gbójú sókè wá oṣù ààwẹ̀, orí ìka ni èmi ti ń wo tèmi. Mo máa ń jókòó sétí ọ̀sà nírọ̀lẹ́ nígbà tí omi bá dákẹ́ tó sì ń dán bí àwo, n óò tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì sórí orúnkún, n óò wo bí funfun ṣe ń gòkè tí pupa ń lọ sẹ́nu ìka. Kì í ṣeé kánjú. Mo rò pé láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de nǹkan láìsí ìbànújẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì náà dé Ẹ̀pẹ́. Ọmọbìnrin àdúgbò wa ló mú un wá, mo sì yìn ín fún un, nítorí pé ojú tì í bó ṣe ń lọ láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò sáré bíi ti àkọ́kọ́. Kò sí olè nínú rẹ̀, kò sí aago ọwọ́, kò sí adùn kankan lára rẹ̀. Àlùhájà dá kọ́kọ́rọ́ padà ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan. Màmá mi gbà á, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì béèrè orúnkún tó ń dun Àlùhájà. Àwọn méjèèjì wá jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ orúnkún títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Nígbà tí mo padà dé Ìkòròdú, pátákó tuntun kan wà lára géètì. Òyìnbó wà lókè, Yorùbá wà nísàlẹ̀: kò sí kútẹ́ẹ̀sì, kò sí yẹtí, kò sí irun àfikún, kò sí làálì lọ́wọ́, ẹni tó bá ti lé làálì, kó jẹ́ kó ṣí kó tó wá. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń kà á, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Ọ̀kan ní, "Làálì kẹ̀? Ta ló ń lé làálì wáṣẹ́?" Mo wọlé, mo na ọwọ́ síwájú, obìnrin náà wo ọwọ́ mi, ó sì ṣí ìwé mi wò. Ó gbà mí.

Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí mo fi ní ọmọ méjì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ so yìgì tèmi, ẹsẹ̀ nìkan ni mo lé làálì sí, wọ́n sì ṣe é dáadáa, ó gòkè dé ọrùn ẹsẹ̀. Inú àwọn ìyá àgbà kò dùn. Wọ́n ní irú ìyàwó wo ni ọwọ́ rẹ̀ funfun báyìí, bí ẹni tí kò ní èèyàn. Màmá mi dá wọn lóhùn. Ó ní, "Iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Títí di òní n kò lè sọ bóyá òfin yẹn tọ́. Làálì kì í ṣí bọ́ sínú bísíkíìtì bí kútẹ́ẹ̀sì, obìnrin náà pàápàá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ó ní ó ti di òfin, ẹnu òun nìkan kò sì lè yí i padà. Ó dùn mí pé àwọn ọmọbìnrin kan gbé ọwọ́ lásán lọ síbi yìgì ẹ̀gbọ́n wọn nítorí pátákó yẹn. Ó sì tù mí nínú pé ojú géètì ni wọ́n ti kà á, pé kò sí èyí tó jókòó sórí bẹ́ńṣì tí ọ̀rọ̀ wá bá a níbẹ̀. Nǹkan méjèèjì ni mo gbé dání, n kò sì tíì rí èyí tí n óò sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí màmá mi lọ ṣe. Fún ìgbà pípẹ́ mo rò pé ó lọ fi iṣẹ́ mi wéwu nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé nǹkan méjì ló rí níbi tí èmi ti rí ẹyọ kan. Ẹni tó ní iṣẹ́ lè fún èèyàn, ó lè má fún un; kò sí ẹjọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ orúkọ tí èèyàn mú wọlé, òun náà ló gbọ́dọ̀ mú jáde, ì báà gba iṣẹ́, ì báà má gbà á. Báyìí, bí ọmọ aládùúgbò kan bá wá dágbére fún mi pé òun ń lọ wáṣẹ́, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọn kò fẹ́ níbẹ̀, kó tó náwó ọkọ̀. Bí wọ́n bá sì ní àwọn kò gbà á, kó rọra bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún un, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tó ṣeé gbé délé.